Akọrin Jàpáànù Tó Ń Ki Buraimoh

Ohun tí ẹ ti ń fura sí náà ni: Buraimoh kò dé ilẹ̀ Jàpáànù rí. Kò dé Dàkáà, kò dé Páríìsì. Ojú omi kan ṣoṣo tó mọ̀ ni èyí tó gbé e láti Kàlàbá wá sí Libreville, nínú ọkọ̀ kan tí òórùn ẹja gbígbẹ gbà, ó sì ń bì láti ìgbà tí wọ́n ṣí títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Obìnrin olórin tí Buraimoh ń sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún wa láàárọ̀ lálẹ́, kò fojú kàn án rí, kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò sì lè fi ìka tọ́ka sí ìlú rẹ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Mo tètè sọ èyí kí ẹ má baà máa dúró de ìgbà tí àṣírí yẹn máa tú. Gbogbo wa la fura. Ohun tí a kò mọ̀, tí kò sì jẹ́ ká gbádùn, ni irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́ gan-an. Torí pé bí ìtàn Buraimoh ṣe rí tó rí yẹn, ohùn tó ń ti inú giramafóònù rẹ̀ jáde, ohùn gidi ni.

Ọdún 1961 ni. Gabon ò tíì pé ọmọ ọdún kan nínú òmìnira. Àsíá tuntun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níbi tí ti àwọn Faransé wà tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sì ti fún ní tábìlì àti àga nínú ọ́fíìsì ìjọba, kò tún gbọ́ orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Afẹ́fẹ́ ìlú nígbà náà ń mú kí èèyàn rò pé òun náà lè di nǹkan kan. Ó fẹ́ sí gbogbo wa lára, ṣùgbọ́n ó wọ Buraimoh léegun.

Ará Ìwó ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Avéa, àdúgbò kan ní Libreville, láàárín ilé Hilaire, télọ̀ tó jẹ́ Nàgó láti Dàhòmì, àti ìsọ̀ tí Sìlífátù ti ń ta àlùbọ́sà. Ó ń ta agbòòrùn, ó ń ta dígí ìwojú, ó sì ń ta rédíò kékeré tí wọ́n ṣe ní Jàpáànù. Ọwọ́ Faransé kan létí omi ló ti ń ra rédíò náà bí gbogbo ayé ṣe ń rà á, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má kọ ọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù ní lẹ́tà pupa pé òun ni Aṣojú Jàpáànù ní Gabon. Ẹni tó kun pátákó náà bi í bóyá Jàpáànù mọ̀ sí i. Ó ní, "Bí wọn ò bá mọ̀ mí, ṣé wọ́n á máa kó rédíò wá ni?" Ó ní dígí kan tí kì í ṣe títà, tó gbé sẹ́yìn káńtà. Ibẹ̀ ló ti ń ya túbọ́mu rẹ̀ láràárọ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń yọjú wò ó lọ́sàn-án bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Bí àwo orin náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ọkọ̀ Jàpáànù kan wá kó gẹdú, ó dúró sójú òkun, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ kékeré gbé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá sílẹ̀ láti wá wo ìlú. Òjò wá ká alásè ọkọ̀ náà mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù Buraimoh. Bàbá tó ti dàgbà díẹ̀ ni. Kò ní owó ibí lọ́wọ́, kò gbọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò ju "good" àti "no good" lọ. Ó tọ́ka sí agbòòrùn. Ó wá tú àpò tó gbé kọ́ èjìká sílẹ̀, ohun tó fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀ ló wà níbẹ̀: abẹ́ ìfárí, ṣíbí, àti àwo orin dúdú kan nínú páálí tí wọ́n ya àwòrán sí. Ọmọbìnrin kan ló wà nínú àwòrán náà, ojú rẹ̀ rí roboto, apá aṣọ rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọmọ ọwọ́ lè sùn nínú rẹ̀. Alásè náà fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Kinue." Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó di ojú, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí agbòòrùn, ó bọ́ sínú òjò, ó lọ.

Yàtọ̀ sí Buraimoh, Fọláṣadé ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ohun tó rí kò ju pé agbòòrùn tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù ti bá òjò lọ. Ṣùgbọ́n láti inú ojú dídì yẹn ni ọkọ rẹ̀ ti fa odidi ìgbésí ayé jáde.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e sórí giramafóònù, ńṣe ni ọ̀nà dí. Àwọn tó ń lọ dúró, àwọn tó ń bọ̀ dúró. Ohùn náà kéré, ó sì gùn. Ó ń gòkè bí ẹni tó ru ìkòkò omi gun àtẹ̀gùn, ẹ̀rù á bà ọ́ pé omi náà máa dà, kò sì ní dà. Nǹkan olókùn kan ń ta tín-ín tín-ín lábẹ́ rẹ̀, bíi pé ẹni tó ń ta á ń ronú nǹkan míì. Orin náà parí. Sìlífátù ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ó dùn o. Ta ló ń kì?"

Ẹ̀yin náà mọ irú wa. Bí a bá gbé àwo lé ẹ̀rọ, kí orin tó délẹ̀ la ti ń na etí dúró de orúkọ: ta ni wọ́n pè, ta ni bàbá rẹ̀, ìlú wo ló ti wá, mọ́tò wo ló ń gùn. Akọrin tó bá kọrin tán tí kò pe ẹnì kankan, lójú wa, ńṣe ló dà bí ẹni tó kí afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sì lágbára ní Libreville lọ́dún náà, torí pé Àlíù, ará Ọ̀fà tó ń ta aṣọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé pẹ̀lú àwo àpàlà tí wọ́n ti kì í. Orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ketekete, ti ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, kódà wọ́n dárúkọ Libreville, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí akọrin náà ṣe pè é, ó dà bí orúkọ oògùn inú rírun. Láti ìgbà yẹn, Àlíù kì í rìn kánkán mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí Sìlífátù béèrè ẹni tí obìnrin Jàpáànù yẹn ń kì, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà ní ẹnu Buraimoh, ó sì jáde bí ikọ́.

"Èmi ni."

Hilaire gbé ojú sókè nídìí máṣíìnì rẹ̀. "Ìwọ bí i báwo?"

"Èmi Buraimoh. Àbí Buraimoh míì tún wà tó ń bá Jàpáànù ṣòwò ní ìlú yìí?"

"Mi ò gbọ́ Buraimoh níbẹ̀."

"O ò lè gbọ́ ọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, wọn kì í la orúkọ èèyàn gidi mọ́lẹ̀ báyẹn. Àfojúdi ni. Ńṣe ni wọ́n máa ń yí i ká. Wọ́n á ní, ọkùnrin tó ń gbé etí òkun. Wọ́n á ní, ẹni tó mú kí àpótí kékeré máa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá lóye á ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn."

"Ìgbà wo ló kọ ọ́?" Sìlífátù ló béèrè.

"Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí a gba òmìnira Gabon tán. Ẹ̀bùn ni."

"Tí a gba òmìnira," Hilaire ní, ó sì dojú kọ aṣọ rẹ̀. "Ìwọ àti ta ni?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sì sí ohun tó dára fún òpùrọ́ bíi kí àwọn tó yí i ká fẹ́ mọ̀ sí i. A fẹ́ mọ̀ sí i. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá sí ṣọ́ọ̀bù náà láti wá gbọ́ orin, bí orin bá sì ti tán, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wá láti Okala. Ọkùnrin kan tó ń la gẹdú ní Ntoum bá ọkọ̀ wá, ó jókòó, ó gbọ́ ọ, ó nu ojú, ó sì padà láìra nǹkan kan.

Buraimoh ò já wa kulẹ̀. Ó ní ọmọ ọba ni Kinue. Ó ní nígbà tí wọ́n bí i, kò ké bí ọmọ, ńṣe ló ké bí ẹyẹ. Ó ní ilé rẹ̀ jẹ́ ti ìwé, láti ògiri dé ilẹ̀kùn, torí pé ohùn rẹ̀ máa ń fọ́ dígí. Sìlífátù bi í ohun tó ń jẹ, ó ní oyin àti ẹyin àparò ni, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan nǹkan míì. Sìlífátù bi í bóyá ó ní ọkọ.

"Wọ́n tò síwájú ilé rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò wo ojú ẹnì kankan."

"Kí ló ń dúró dè?"

Buraimoh yẹ túbọ́mu rẹ̀ wò nínú dígí. "Èmi ò lè sọ ìyẹn níwájú ìyá Kúdí."

Fọláṣadé tó ń ka agbòòrùn nílẹ̀ ní, "Sọ ọ́. Kó yára wá. Ó máa bá mi ta agbòòrùn, tó bá ti lè ṣọ́ èyí tó dára jù."

Ọ̀rọ̀ náà wọ aṣọ pàápàá. Hilaire wo apá aṣọ inú àwòrán yẹn títí, ó wá rán irú rẹ̀ fún Victorine, ọmọ ilẹ̀ Gabon kan tó fẹ́ràn ohun tuntun. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn obìnrin Avéa ti ń fi apá aṣọ gbá ọbẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ní àṣà Jàpáànù ni.

Gbogbo èyí ò pa ẹnì kankan lára. Ohun tó sọ eré di òótọ́ ni àga kan.

Oṣù kẹjọ ń bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún rẹ̀ ni òmìnira máa pé ọdún kan. Ọ̀rọ̀ wá láti ọ́fíìsì ìjọba pé àwọn àjèjì tó ń gbé ìlú yóò ní ìjókòó lábẹ́ ìbòrí níbi ayẹyẹ náà, àga kọ̀ọ̀kan fún ìran kọ̀ọ̀kan. Àwa ọmọ Nàìjíríà, àga kan ṣoṣo ló kàn wá. Ẹ má fi Buraimoh rẹ́rìn-ín lórí èyí. Láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, gbogbo ọjọ́ tí àwọn Faransé bá ń ṣe àjọ̀dún wọn, ẹ̀yìn okùn ló máa ń dúró sí, oòrùn á kàn án lórí, ọlọ́pàá á fi igi tì í sẹ́yìn bí ẹni ń ti ewúrẹ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òun kàn fẹ́ mọ bí ìlù ológun ṣe ń dún létí ẹni tó jókòó. Ohun tó fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ohun tó fẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Àlíù náà fẹ́ ẹ.

Bàbá Fọláhàn ló pe ìpàdé. Òun ló dàgbà jù nínú wa. Ó ti ń se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó gẹdú kí ogun Hitler tó dé, ó sì ní sùúrù ẹni tó ti dúró ti ìkòkò pẹ́. Àlíù kọ́kọ́ dìde.

"Èmi ò ní í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ mi wà nínú àwo ní Èkó. Ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tí ò bá gbọ́ ọ, kó fọ etí."

"Èkó!" Buraimoh ò tilẹ̀ dìde. "Ta ni ò lè dé Èkó? Agbérò tó bá rí owó ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ á kì ẹ́ ní Èkó. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí àga yẹn lọ́dún yìí. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, Kinue fúnra rẹ̀ máa wá kọrin níbí, níwájú ìjọba, gbogbo Gabon á sì mọ̀ pé àwa ọmọ Nàìjíríà la mú un wá."

Kódà àwa tí a mọ̀ pé irọ́ ni, ọkàn wa fò sókè. A fẹ́ rí i. Ẹ ò mọ bí a ṣe fẹ́ rí obìnrin yẹn tó.

Bàbá Fọláhàn rọra béèrè pé, "Ṣé ó gbà?"

"Ó ránṣẹ́ sí mi nínú òjò tó kọjá yìí. Ó ní kí n kí yín."

"Ó ṣeun. Buraimoh, gbọ́ o. Kí èèyàn ní wọ́n ń ki òun, ìyẹn ò ní ká má sùn. Ṣùgbọ́n ìlérí tí ò ń ṣe yìí, mo máa gbé e dé iwájú àwọn tó ni ilẹ̀. Àlejò la jẹ́ níbí. Tí mo bá sọ ọ́ fún wọn tí kò rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àga nìkan lo máa pàdánù, a ò ní í pè ọ́ sí ìpàdé kankan mọ́. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, bàbá."

"Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú àjọ̀dún, a máa pàdé nílé mi, a ó mú ẹnì kan."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé, Fọláṣadé ní, "Bàbá Kúdí, ibo lẹ ti fẹ́ rí i?"

"Ta ni?"

"Ọmọ ọba tó ń jẹ oyin."

"Ọdún kan ṣì wà níwájú. Nǹkan pọ̀ tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún kan. Ọkọ̀ lè rì. Ohùn lè ha. Ó lè lọ́kọ. Tí mo bá ti jókòó tán, ta ló máa gbé mi dìde?"

"Bàbá Fọláhàn."

"Wọ́n á ti gbàgbé."

"Bàbá Fọláhàn ṣì ń sọ̀rọ̀ iyọ̀ tí ẹnì kan dà jù sínú ọbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi."

Buraimoh yí giramafóònù, ó gbé àwo náà lé e, ó sì jókòó tì í. Fọláṣadé sọ fún wa lẹ́yìn náà pé nígbà tí kò bá sí ẹnì kankan níbẹ̀, kì í wo dígí bí orin náà bá ń lọ. Ńṣe ló máa ń di ojú.

Ọjọ́ Àìkú pé. Àgbàlá Bàbá Fọláhàn kún lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Buraimoh dé pẹ̀lú agbádá funfun tó ti le fún ṣítáàṣì, ó ní kí wọ́n gbé giramafóònù tẹ̀ lé òun. Ó ti tún túbọ́mu náà ṣe débi pé ó dà bí ohun tí wọ́n fi gègé yà. A ti ń retí pé Àlíù á gbé àwo tirẹ̀ wá. Àlíù ò gbé àwo kankan. Òyìnbó kan ló mú dání. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ tòsí, a rí i pé kì í ṣe òyìnbó.

Ọkùnrin tínrín ni, irun rẹ̀ ti ń funfun létí, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú nínú ooru yẹn, kò sì làágùn. Àlíù ní, "Bàbá, ẹ̀yin àgbà, Músíọ̀ Moriwaki rèé. Gẹdú ló wá rà. Ọmọ Jàpáànù ni, ó gbọ́ Faransé. Mo ní kó wá bá wa gbọ́ ohun tí obìnrin ìlú wọn ń fi Buraimoh pè."

Mo wo Buraimoh. Ojú rẹ̀ ò yí padà, ṣùgbọ́n ó fi ìka kan túbọ́mu rẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Músíọ̀," ló wí, bíi pé òun ló ránṣẹ́ pè é.

Wọ́n gbé àwo náà lé ẹ̀rọ. Ohùn náà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn rẹ̀. Músíọ̀ Moriwaki tó ti jókòó bá dìde. Ó ṣí fìlà. Ó tẹ orí rẹ̀ ba síwájú giramafóònù náà, kò gbé e sókè títí orin fi tán, nígbà tó sì gbé e sókè, omi wà lójú rẹ̀.

"Háà!" Sìlífátù pariwo. "Ó ń kí Buraimoh! Ẹ wò ó bó ṣe tẹrí ba!"

Gbogbo àgbàlá hó yèè. Buraimoh gbé ọwọ́ sókè sí wa pé kí a rọra.

Bàbá Fọláhàn ní kí Hilaire, tó gbọ́ Faransé jù wá lọ, wá jókòó láàárín. "Bi í bóyá ó mọ obìnrin náà."

Hilaire bi í. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú nǹkan kan nínú aṣọ àtijọ́.

"Ó ní, ta ni ò mọ̀ ọ́n ní Jàpáànù? Kinue Shirahama. Ó ní abúlé apẹja ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, ọtí ni kò jẹ́ kó gbádùn iṣẹ́ náà. Wọ́n fi ọmọ náà sí ilé ìtura kan kó máa fọ àwo."

Àlíù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ ọba."

"Ọba tó ń tún ọkọ̀ ṣe," Buraimoh dáhùn. "Ní ìlú àwọn apẹja, ta ni ẹ fẹ́ kó jọba? Akọ̀wé?"

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ," Sìlífátù ní, ó ti sún àpótí ìjókòó rẹ̀ mọ́ iwájú. "Bó ṣe wá di olórin ńkọ́?"

Hilaire ń gbọ́, ó ń túmọ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti ń kọrin bó ṣe ń fọ àwo. Àwọn àlejò ilé ìtura náà á jẹun tán, wọn ò ní í dìde. Òṣèré kan tó ń lọ láti ìlú dé ìlú wá gbọ́ ọ, ó sì gbà á lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀. Ó dé olú ìlú pẹ̀lú ẹní kan àti abọ́ kan. Nígbà tí àwo orin rẹ̀ kọ́kọ́ jáde, àwọn onísọ̀ gbé ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀nà, èrò di títì pa, àwọn ọlọ́pàá ní kí wọ́n gbé e wọlé.

"Bíi ti Avéa!" ẹnì kan kígbe.

Kò fẹ́ràn kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Kò lọ́kọ. Tó bá ti kọrin tán ní gbọ̀ngàn ńlá, tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún un, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń gbà jáde lọ ra ọ̀dùnkún sísun lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lójú títì, á dúró ibẹ̀ jẹ ẹ́ tán.

"Ọ̀dùnkún!" Sìlífátù fi ọwọ́ lu itan. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé oyin ò lè gbé irú ohùn yẹn dúró!"

A ti gbàgbé àga. Mo lérò pé Buraimoh náà ti gbàgbé rẹ̀. Ó ti ki orí síwájú bíi tiwa, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń gbọ́ ìròyìn obìnrin tó ní ó ń ránṣẹ́ sí òun. Àlíù ni kò gbàgbé.

"Hilaire, bi í. Ta ló ń kì nínú orin yẹn?"

Hilaire bi í. Músíọ̀ Moriwaki wò wá, ó wo Hilaire, ó ní kó tún un sọ. Hilaire tún un sọ.

"Ó ní kò ki ẹnì kankan."

Ariwo sọ. Kì í ṣe Buraimoh la ń bínú sí o. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kò wọ̀ wá létí. "Báwo ni kò ṣe ní ki ẹnì kankan?" "Ta ló wá sanwó fún un?" "Ṣé ó kàn lanu ni?" Músíọ̀ Moriwaki gbìyànjú láti ṣàlàyé. Ẹnì kan ló dúró lórí afárá, ó ní. Òjò ń rọ̀. Ẹni tó ń retí ò wá. Orin ọ̀hún ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlíù yíjú sí Bàbá Fọláhàn, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó gbé àwo oúnjẹ kalẹ̀.

Buraimoh dìde. Ó tún apá agbádá rẹ̀ ká sí èjìká. "Ẹ dákẹ́ ná. Kí ló ní ó ń rọ̀?"

"Òjò," ni Hilaire wí.

"Òjò. Ta ló ń ta agbòòrùn ní Libreville?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn kan yí lulẹ̀. Bàbá Fọláhàn ń fi etí aṣọ nu ojú. Fọláṣadé, tí kì í bá wa rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ yẹn, dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Àlíù gan-an ṣe bí ẹni pé ikọ́ ló ń hú. Músíọ̀ Moriwaki ń wò wá láti ọ̀kan dé èkejì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láìmọ ohun tó dé.

"Ó tó," Bàbá Fọláhàn ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ó tó bẹ́ẹ̀. Àlíù, má bínú. Orúkọ rẹ wà nínú àwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ẹnu yìí ló yẹ kó jókòó láàárín àwọn ìjọba. Àbí kí lẹ wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Buraimoh tẹ́wọ́ gba ìkíni bí ẹni tó ti jókòó sábẹ́ ìbòrí náà. Ó wo ọ̀nà ibi tí àga Bàbá Fọláhàn wà, mo sì mọ̀ pé ó ti ń gbọ́ ìlù ológun.

"Ohun kan ló kù," Bàbá Fọláhàn ní. "Hilaire, sọ fún un pé mo ti dé ọ́fíìsì ìjọba. Mo ti sọ fún wọn pé lọ́dún tó ń bọ̀ Kinue máa wá kọrin fún wa, inú wọn dùn, wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀. A ò fẹ́ ṣe ohun tí kò bá àṣà wọn mu. Kó bá wa sọ bí wọ́n ṣe ń gba irú wọn lálejò."

Hilaire túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú Músíọ̀ Moriwaki. Ó ní kó tún un sọ, Hilaire sì tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà wo páálí àwo orin tó wà lórí tábìlì, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Hilaire yíjú wo Buraimoh.

"Kí ló wí?" Bàbá Fọláhàn béèrè.

"Bàbá, ó ní ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni òun nígbà náà, pé wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ dúró kí àwọn lè lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Ó ní ọdún 1934 ni obìnrin náà kú."